Kọnfaméṣọ̀n Mùyídéènì

Kò sí ohun tí Mùyídéènì kì í fẹ́ mọ ìdí ẹ̀. Mo ní kò sí. Ó ti tú fáànù ilé, ó ti tú rédíò àna ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó tú ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tó gbé e ní Old Garage, torí pé gíláàsì ibẹ̀ kọ̀ kò gòkè, òun sì fẹ́ mọ ohun tó dì í mú. Dẹ́rẹ́bà ń pariwo, àwọn èrò ń pariwo, Mùyídéènì ní kí wọ́n fara balẹ̀ jàre. Kí wọ́n tó dé ibi tó ń lọ, gíláàsì ti ń lọ sókè sódò, dẹ́rẹ́bà sì ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Ibi tó ń lọ yẹn ni yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má bi mí lórúkọ ẹ̀ o. Ti ìjọba ni, ọ̀nà Iléṣà ló wà, ìyẹn náà tó. Bàbá Mùyídéènì ló ń tún aago ṣe l'Óṣogbo, àárín irin wínníwínní ló sì dàgbà sí. Ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ bá a lára mu. Kò ka girama parí tó fi lọ kọ́ṣẹ́ púlọ́ḿbà, iṣẹ́ yẹn ló sì gbé e dé ilé ẹ̀rọ omi yunifásítì. Bí omi bá ń yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, Mùyídéènì ló tan pọ́ǹpù. Bí kò bá yọ, òun náà ni gbogbo ayé máa ń bú.

Àwọn méjì ló wà nílé ẹ̀rọ náà. Ìkejì ẹ̀ ni Bàbá Fásanmí, tó ti wà níbẹ̀ kí Mùyídéènì tó dé. Ìlú Iléṣà ni bàbá yìí ti ń wá lójoojúmọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé tó ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́", tó ń pe ilé ní "ulé", tó sì máa ń bi Mùyídéènì pé ta ló kọ́ àwọn ará Òṣogbo ní irú Yorùbá tí wọ́n ń sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ló ń lọ, ó wà lára àwọn akọrin, bó bá sì gbé orin, pọ́ǹpù mẹ́ta ò lè bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, kò láhun. Àbùkù ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Mi ò mọ̀." Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bi í, ìdáhùn ti wà nílẹ̀.

Ẹ wá wo bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba Mùyídéènì síṣẹ́, wọ́n ní kó kọ́kọ́ lo ọdún méjì, kí wọ́n fi wo ìwà ẹ̀ àti ọwọ́ ẹ̀. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Nígbà tí ọdún méjì náà pé, ọ̀gá tó ń rí sí iṣẹ́ omi àti iná yọjú sílé ẹ̀rọ, ó ní, "Mùyí, ó ti tó àsìkò kó o lọ ṣe kọnfaméṣọ̀n o. Má jẹ́ kó pẹ́." Ó ti lọ kí Mùyídéènì tó lanu. Ta ló wá kù nítòsí tó lè bi? Bàbá Fásanmí ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní kọnfaméṣọ̀n?"

Bàbá Fásanmí bú sẹ́rìn-ín. "O ò mọ kọnfaméṣọ̀n? Ẹ̀yin ò ní i ní tiyín ni? Ọjọ́ tí wọ́n ṣe tèmi n'Íléṣà, bíṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ ló wá. Aṣọ funfun báláú ni mo wọ̀. Mo kúnlẹ̀ báyìí, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà, ó tán. Ọjọ́ náà ni mo di ọmọ ìjọ gidi."

"Ẹni tí wọn ò bá ṣe é fún ńkọ́?"

"Ẹni yẹn ò tí ì wọlé nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ló ṣì wà."

Ẹ gbà mí o! Bàbá yìí ò purọ́ kankan. Wọ́n bi í ní kọnfaméṣọ̀n, ó sì sọ èyí tó mọ̀. Ṣùgbọ́n inú Mùyídéènì ti dàrú. "Àsítágífírúlàì," ló ń wí sínú. Òun tó jẹ́ pé bàbá òun ló ń pèrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, kí bíṣọ́ọ̀bù wá gbọ́wọ́ lé òun lórí torí iṣẹ́ pọ́ǹpù? Kò fẹ́ gbà á gbọ́. Ó tiẹ̀ fẹ́ lọ bi ẹlòmíràn, àfi bí ọ̀rọ̀ Elisha ṣe dé.

Elisha ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní ẹ̀ka kan náà. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n kọnfáàmù ẹ̀, inú ẹ̀ dùn, ó ní kí gbogbo wọn wá bá òun dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Mùyídéènì lọ. Nítorí ìrẹsì ló ṣe lọ, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Ojú fèrèsé ló dúró sí, ibẹ̀ ló ti rí Elisha tó kúnlẹ̀ níwájú, tí pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí, tí ẹnì kan sì ń kéde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé, "Ẹ bá wa dúpẹ́ o, wọ́n ti kọnfáàmù Elisha!" Gbogbo ìjọ hó yèè. Kí lẹ tún fẹ́ kí ẹni náà máa wádìí? Ó ti fi ojú ara ẹ̀ rí i.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Awwal náà ṣe kọnfaméṣọ̀n. Awwal yìí, dẹ́rẹ́bà ni, òun ló sì máa ń ṣe lèmọ́mù fún àwọn Mùsùlùmí tó bá fẹ́ kírun nílẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Mùyídéènì gbọ́, ṣe ló káwọ́ lérí. Kò bá Awwal jà, kò sì sọ ohunkóhun fún un, àmọ́ láti ọjọ́ náà kò kírun lẹ́yìn ẹ̀ mọ́. Bí Awwal bá ti dúró síwájú, Mùyídéènì á ní òun fẹ́ lọ wo páìpù kan. Awwal ronú títí, kò mọ ohun tó fi ṣẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Bó ṣe di pé lọ́dọọdún nìyẹn, tí wọ́n bá ti ń pe àwọn tí kọnfaméṣọ̀n kàn, Mùyídéènì á ti wọ inú kòtò páìpù lọ, etí ẹ̀ á sì di pátápátá. Àwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ń gba ìgbéga, wọ́n ń kọjá lára ẹ̀, ó ń kí wọn kú oríire. Ó ń dùn ún, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ń dùn mọ́ ọn díẹ̀ lápá kan, torí ó gbà pé Ọlọ́hun ń rí òun, pé ìyà tóun ń jẹ ní láádá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún Raliat ìyàwó ẹ̀.

Lọ́dún yìí ni ìgbìmọ̀ tó ń darí yunifásítì wá fàáké kọ́rí. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ kan ti pẹ́ jù lẹ́nu ìdánwò, wọn ò sì ní gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀gá pe gbogbo wọn jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní, "Ẹnikẹ́ni tí àkókò ẹ̀ ti pé, tí wọn ò sì tí ì kọnfáàmù ẹ̀, tí oṣù yìí bá ti parí, kó máa lọ sílé ẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀." Ojú Mùyídéènì ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. "Mùyí, ò ń gbọ́ mi àbí o ò gbọ́?"

"Mò ń gbọ́ yín, sà."

Ó padà sílé ẹ̀rọ, ó jókòó ti àwọn pọ́ǹpù, ó ń gbọ́ ìró wọn. Ó mọ ìró ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni mọ ohùn ọmọ ẹ̀. Níbo ló tún fẹ́ lọ? Ta ló máa gbà á síṣẹ́ ìjọba mọ́? Bàbá Fásanmí rí i pé ó fajú ro, ó ní kó má ṣe bẹ̀rù, kó lọ ṣe kọnfaméṣọ̀n ẹ̀ kíá, kò le rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn tún wá bà á nínú jẹ́ sí i.

Raliat, télọ̀ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ ń já òwú, ó gbé e síta lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó ń retí kí ọkọ ẹ̀ fò mọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe. Ọkọ ẹ̀ wo ẹ̀rọ, ó gbójú kúrò. Raliat dìde.

"Bàbá Jibril, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan."

"Ẹ̀rọ ti bàjẹ́ síwájú yín, ẹ ò tú u, ẹ wá ní kò sí nǹkan? Ta ló kú?"

Ó bá jẹ́wọ́. Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀: bíṣọ́ọ̀bù, Elisha, Awwal, àti àṣẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Raliat fọwọ́ bo ẹnu. Inú kọ́kọ́ bí i sí yunifásítì, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ sọ ọkọ òun di kìrìyó ni. Ìgbà tó yá, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló sọ fún yín pé bíṣọ́ọ̀bù ni?"

"Bàbá Fásanmí."

"Bàbá Fásanmí ló ni yunifásítì?"

"Rárá."

"Ta lẹ tún bi?"

Mùyídéènì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ̀yin!" Raliat pariwo. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi dókítà ní ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà lọ lára Jibril, títí tó fi lé yín síta! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi àáfà tó so yìgì wa pọ̀ ní ibi tó ti ra lọ́fíndà! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ ò lè bi ẹnì kan pé kí ni kọnfaméṣọ̀n?"

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Mùyídéènì wí. "Bí mo bá béèrè, tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́? Mo máa fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Bí mi ò bá béèrè, mo ṣì wà níbẹ̀."

Ojú Raliat rọ̀. Ó jókòó tì í lórí àga ìránṣọ, ó ní, "Ẹ lọ béèrè lọ́la. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kó irinṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ máa bọ̀ wálé. Ebi ò ní pa wá kú. Àmọ́ ẹ béèrè, ẹ jọ̀ọ́."

Ọjọ́ Ajé, Mùyídéènì gba ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, Màdáàmù Béjidé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, tí gbogbo òṣìṣẹ́ kéékèèké ń bẹ̀rù nítorí bó ṣe máa ń wo èèyàn láti orí gíláàsì ojú ẹ̀. Mùyídéènì ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀ sẹ́nu láti inú bọ́ọ̀sì. Kò jókòó.

"Màdáàmù, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbà mí síṣẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe kọnfaméṣọ̀n. Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi, Mùsùlùmí ni mo sì máa kú sí. Bó bá jẹ́ dandan ni, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ rèé." Ó gbé e sórí tábìlì.

Màdáàmù wo kọ́kọ́rọ́, ó wo Mùyídéènì. "Kí ni ẹ̀sìn ẹ wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Nítorí ti bíṣọ́ọ̀bù ni, mà."

"Bíṣọ́ọ̀bù wo?"

"Èyí tó máa gbọ́wọ́ lé mi lórí."

Ẹ̀rín tó pa Màdáàmù Béjidé lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní yàrá kejì gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Ìgbà tó nu ojú tán tó tún wo iwájú, ó rí i pé omi ń dà lójú ọkùnrin náà, kì í sì í ṣe omi ẹ̀rín. Ó pa ẹnu dé lójijì. Ó dìde, ó fa àga wá, ó ní, "Jókòó, àbúrò mi. Jókòó."

Ó wá là á yé e. Ó ní kọnfaméṣọ̀n ti ibí ò kan ṣọ́ọ̀ṣì, kò kan mọ́ṣáláṣí. Ó ní iṣẹ́ ni wọ́n ń fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ fún èèyàn. Bí wọ́n bá gbà ọ́, wọ́n á fi ọdún díẹ̀ wò ọ́. Bí ọ̀gá ẹ bá jẹ́rìí ẹ, wọ́n á pè ọ́ síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè díẹ̀, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ti di tìẹ. Láti ìgbà náà lo tó lè gba ìgbéga. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni ò lè kàn jí lówùúrọ̀ kó ní kó o máa lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tó o ṣe fún ọ, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ẹ.

"Ọ̀gá ẹ ti jẹ́rìí ẹ tipẹ́," ni Màdáàmù wí. "Ìwọ là ń pè tí o kì í wá."

"Kò sí bíṣọ́ọ̀bù?"

"Kò sí bíṣọ́ọ̀bù."

Mùyídéènì mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi." Ó wá rántí Awwal, ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi tẹrí ba. Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú èèyàn tó jẹ́. Bí ẹ̀rù ṣe kúrò lára ẹ̀ báyìí, ìbéèrè ló gba ipò ẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún méjì, tí kì í ṣe ọdún kan? Ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà? Ṣé wọ́n ń ṣe é fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú? Wọ́n ń ṣe é fún wọn lóòótọ́? Àwọn náà máa ń gbọ̀n níwájú ìgbìmọ̀? Màdáàmù ń dáhùn, inú ẹ̀ ń dùn. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti fẹ́ mọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń bínú.

"Ẹ jẹ́ n béèrè ẹyọ kan sí i," ni Mùyídéènì wí. "Kí ló máa ń fà á tí ẹni tí wọ́n ti kọnfáàmù kì í fi í gba ìgbéga? Bàbá Fásanmí ò gba ìgbéga rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kí tiwa yìí tó dé, Ọ̀gá Ọ̀nàọlápọ̀, ló dí àwọn lọ́nà."

"Fásanmí ilé ẹ̀rọ omi? Wọ́n ti kọnfáàmù ẹ̀ kẹ̀!" Màdáàmù fa fáìlì Fásanmí yọ, ó yẹ ẹ́ wò, kò rí ìwé kọnfaméṣọ̀n kankan nínú ẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn. "Yé è," ni Màdáàmù wí. "Ọdún tí a ka òṣìṣẹ́, èmi gan-an ni mo bi í. Mo ní, 'Bàbá, ṣé wọ́n ti kọnfáàmù yín?' Ó ní, 'Kí wọ́n tó bí ọ!' Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, mo kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí ìgbéga bá dé, wọ́n á wá ẹ̀rí tiẹ̀, wọn ò ní rí i, wọ́n á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Mùyídéènì ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré. Bàbá Fásanmí wà nílé ẹ̀rọ, ó ń kọrin, ó rí i tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ṣé wọ́n ti ṣe kọnfaméṣọ̀n náà fún ọ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì."

"Kí lèmi fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Wọ́n ti kọnfáàmù tèmi."

"Ta ló kọnfáàmù yín?"

"Mo ti sọ fún ọ. Bíṣọ́ọ̀bù."

"Níbí, nínú ọgbà yìí, ta ló kọnfáàmù yín, Bàbá?"

Bàbá Fásanmí fẹ́ dáhùn. Ó lanu, kò rí nǹkan sọ. Mo ti sọ fún yín pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó gbé fìlà ẹ̀, ó tẹ̀ lé Mùyídéènì láì béèrè nǹkan kan mọ́.

Màdáàmù Béjidé sọ ọ́ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣì ṣeé ṣe. Ó ní òun máa fi orúkọ àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n á yọjú síbẹ̀ kí oṣù tó parí, kò sì sí ẹni tó máa lé wọn. Ṣùgbọ́n ìgbéga àwọn ọdún tó ti lọ, òun ò lè dá ìyẹn padà, bẹ́ẹ̀ ni ọdún díẹ̀ ló kù kí Bàbá fẹ̀yìn tì. Bàbá Fásanmí ń mi orí. Ó ní ó ti yé òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó pè é ní ọmọ mi, ó jáde.

Ìta ọ́fíìsì náà ló jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jókòó sí. Mùyídéènì rò pé ìgbéga ló ń dùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú. Bàbá Fásanmí ní kó dákẹ́.

"Ọ̀nàọlápọ̀," ló wí. "Mo rò pé òun ni. Mi ò kí i fún ọdún mẹ́jọ. Ó máa ń wá sílé ẹ̀rọ, á ní, 'Fásanmí, kí ni mo ṣe?' Mi ò ní dá a lóhùn. Nígbà tó kú, wọ́n ránṣẹ́ pè mí síbi ìsìnkú ẹ̀ l'Ẹ́sà-Òkè. Mo ní mi ò lọ."

Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò nù ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, wọ́n ń kí wọn, "Ẹ kúuṣẹ́, sà." Mùyídéènì jókòó tì í.

"Ìyàwó ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀," ni Bàbá Fásanmí wí. "Bó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, bá mi lọ."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ ṣáà bá mi lọ."